Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọwọ́ Màmá tó ń gbọ̀n

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọwọ́ ọ̀tún Màmá ń gbọ̀n, ẹnu wọn náà kì í sinmi, àfi bí ẹni ń jẹ nǹkan tí kò sì sí nǹkan lẹ́nu wọn. O ní ẹ̀gbọ́n yín ti pinnu pé àrùn Parkinson ni, àrùn inú ọpọlọ tó ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n kí ara sì lọ́ra. Ẹ má tíì dá ẹjọ́ yẹn o. Látìgbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọwọ́ gbígbọ̀n tí mo rí tí kì í ṣe Parkinson pọ̀ ju èyí tó jẹ́ ẹ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ wò ni ìgbà tí ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, kí ẹ sì máa tàkúrọ̀sọ. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ lò ń ṣọ́, torí wọ́n á gbìyànjú láti mú un dúró. Lẹ́yìn náà, bu omi sínú ife dé ìdajì kí o gbé e fún wọn. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n lórí itan níbi tí kò ti ṣe nǹkan kan, tí àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ń ra ara wọn bí ẹni ń yí hóró kékeré kan, tó wá rọlẹ̀ bí wọ́n ti nawọ́ sí ife, ti Parkinson sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá dákẹ́ lórí itan, tó jẹ́ pé ìgbà tí ife ń sún mọ́ ẹnu ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Irú ìyẹn wọ́pọ̀ ju Parkinson lọ dáadáa, ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Bi wọ́n léèrè bóyá òbí wọn tàbí ọmọ ìyá wọn kan ní irú rẹ̀ rí.

Yàtọ̀ sí gbígbọ̀n, wò ó bóyá wọ́n ti ń lọ́ra. James Parkinson tó kọ̀wé nípa àrùn yìí ní 1817 kò mọ ohun tó ń fà á. Lóde òní a mọ̀ pé ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń rìn. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè rẹ̀ níbẹ̀ bá ń kú díẹ̀díẹ̀, ìṣesí á máa falẹ̀. Dídé bọ́tìnnì á di iṣẹ́, ìkọ̀wé á máa kéré sí i, apá kan kò ní í jù mọ́ bí wọ́n bá ń rìn. Ẹlòmíràn tiẹ̀ wà tó ní Parkinson tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Ẹnu yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ṣé Màmá ṣì ń lo oògùn tó ń dá èébì dúró tí o sọ fún mi níjọ́sí? Bó bá jẹ́ metoclopramide ni, ó ń dí ọ̀nà dopamine nínú ọpọlọ. Bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, ẹnu àti ahọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra wọn, ó sì lè mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ara sì lọ́ra, tí a ó fi máa rò pé Parkinson ni. Haloperidol tí wọ́n ń fún àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ bíi wèrè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kó gbogbo oògùn wọn sínú àpò kan, títí kan èyí tí wọ́n fúnra wọn rà, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín.

Dókítà lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí tàírọ́ọ̀dù, ẹ̀yà ara kan níwájú ọrùn, tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àti ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lára máa ń gbọn ọwọ́. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń dá Parkinson mọ̀ ní tirẹ̀, ojú àti ọwọ́ dókítà ló ń ṣe é.

O bi mí nípa àbúrò ọ̀gá rẹ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí ara rẹ̀ ń já. Ẹ má fi ti Màmá wé tirẹ̀. Ọmọdé bẹ́ẹ̀, wọn gbọ́dọ̀ wá àrùn Wilson: kọ́pà, ìyẹn bàbà, ló ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ, ó lè fi òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ yí ẹyinjú ká, oògùn sì wà fún un bí wọ́n bá tètè rí i. Ìdí tí wọn kì í fi í jáfara nìyẹn.

Ti ìpéǹpéjú tìrẹ tó ń fò, lọ sùn, kí o sì dín kọfí kù. Bó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, tàbí tó tàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, lọ rí dókítà.

Fi fóònù ya fídíò Màmá kí ẹ tó lọ, torí gbígbọ̀n lè fara pamọ́ níwájú dókítà. Bá mi kí wọn, kí o sì sọ ohun tí wọ́n bá bá nínú àpò oògùn yẹn fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnmi