Ọmọ Houston tó mọ Arsenal, tí kò mọ Astros

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí mo ń kà lójú ìwé yín nípa dekódà àti owó oṣù tó ń lé sí i máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ará Amẹ́ríkà kì í rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ilé wa díẹ̀.

Mo ní ọmọ ọmọ kan, ọkùnrin, ọmọ ọdún 9. Ibí ni wọ́n bí i sí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ọmọ Nàìjíríà kan ní títì Bissonnet. Arsenal ń gbá bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ náà sì ń to orúkọ wọn láti orí aṣọ́lé dé iwájú bí ẹni ń ka oríkì. Ẹni tó ń gẹ irun fún un wá ní kó dárúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú Astros, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù ìlú tí wọ́n bí i sí. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kò rí ẹyọ kan dá. Ẹgbẹ́ tó gba World Series, ife tó ga jù nínú béésìbọ́ọ̀lù, ní 2017 àti 2022 nìyẹn o!

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò bá ọmọ wí. Láwọn Sátidé kan, Arsenal ń ti Lọ́ńdọ̀nù wọlé wá bá a lọ́fẹ̀ẹ́ lórí NBC, èríà lásán ló ń gbé e. Astros tó jẹ́ ará àdúgbò, ọ̀pọ̀ eré rẹ̀ kì í wọlé àfi téèyàn bá sanwó.

Béésìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi igi gbá, kì í ṣe eré ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú 30 ń gbá a lọ́dún, bí ẹni ń lọ sóko lójoojúmọ́. Ìkànnì agbègbè ni wọ́n ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún. Ìkànnì yẹn á wọnú kébù (tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù), kébù á sì yọ dọ́là bíi mélòó kan lára owó oṣù gbogbo ilé, ilé tó ń wò ó àti ilé tí kò wò ó. Ìyá arúgbó tí kì í wo nǹkan kan ju ìwàásù lọ ń sanwó béésìbọ́ọ̀lù, kò mọ̀. Owó ìyá yẹn ló sọ àwọn ẹgbẹ́ di olówó. Lọ́dún 2013, Dodgers ti Los Angeles bu ọwọ́ lu àdéhùn ọdún 25 fún ìkànnì tiwọn, owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 8 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó gbé ìkànnì náà ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì di 2020 kí ọ̀pọ̀ ilé ní Los Angeles tó rí ẹgbẹ́ ìlú wọn wò. Nígbà náà, Vin Scully, bàbá tó fi ọdún 67 ròyìn eré Dodgers, ti fẹ̀yìn tì láti 2016.

Tiwa nílùú yìí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2012, Astros àti Rockets (ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù tí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, gba ife méjì fún) dá ìkànnì kan sílẹ̀ pẹ̀lú Comcast, ilé-iṣẹ́ kébù. Kò tó ìdajì ilé ní Houston tó rí i wò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, wọ́n ka iye ilé tó wo eré Astros kan, 0.0 ni wọ́n bá. Ìgbà 111 ni wọ́n fìdí rẹmi lọ́dún yẹn, ẹni tó bá ṣì ń wò wọ́n, ìbátan wọn ni. Gbèsè gbé ìkànnì náà dé kóòtù. Ó pààrọ̀ orúkọ títí, kí ẹgbẹ́ méjèèjì tó gbà á sọ́wọ́ ara wọn ní 2023.

Houston yìí kan náà ni Diamond Sports Group gbé gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù 8 dọ́là wá sí kóòtù ní oṣù Kẹta 2023. Àwọn ló ni ìkànnì eré ìdárayá agbègbè 21 tí Sinclair, ilé-iṣẹ́ tó bí wọn, rà lọ́wọ́ Disney ní 2019. Kí ló gbé wọn ṣubú? Àwọn èèyàn ń gé kébù ni. Èmi náà gé tèmi. Mo rí ìlà kan nínú bíìlì mi, owó eré ìdárayá agbègbè, mo sì pe ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n yọ ọ́. Obìnrin tó gbé fóònù fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yọ. Mo ní kí wọ́n kúkú yọ gbogbo rẹ̀. Ìyá oníwàásù yẹn náà ti gé tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Padres ti San Diego ni Diamond kọ́kọ́ jù sílẹ̀, ní òpin oṣù Karùn-ún 2023. Líìgì béésìbọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gba kámẹ́rà, ó sì ń ta eré náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí kò ní kébù. Arizona, Colorado, Cleveland àti Minnesota tẹ̀lé e. Ìlọsíwájú ni, torí tẹ́lẹ̀, ẹni tó sanwó áàpù líìgì kì í lè wo ẹgbẹ́ ìlú ara rẹ̀, wọ́n á dí i mọ́ ọn lójú. Ìpínlẹ̀ Iowa kò ní ẹgbẹ́ kankan, síbẹ̀ ẹgbẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ń dí mọ́ wọn lójú níbẹ̀ nígbà náà!

Rob Manfred, ọ̀gá líìgì, fẹ́ kó ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n ẹgbẹ́ 30 sínú apẹ̀rẹ̀ kan tí àdéhùn tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè bá parí ní 2028. Ó dáa, bí Dodgers àti Yankees ti New York bá lè bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jẹun nínú abọ́ kan. Mo ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ra apẹ̀rẹ̀ yẹn, ohun tí NFL, líìgì futibọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ń ṣe ni kí wọ́n fi dè é. NFL kì í fi owó ṣeré, síbẹ̀ bí wọ́n bá ta eré fún ESPN tàbí Amazon, tí èèyàn ń sanwó wò, ìlú ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń gbá a yóò rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí èríà. Kí béésìbọ́ọ̀lù ta áàpù fún ẹni tó jìnnà, kí wọ́n fi eré ilé sílẹ̀ fún ará ilé. Owó yóò dín kù, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó dín kù.

Mo ti ra èríà, mo gbé e sójú fèrèsé. Ní Sátidé tó kọjá, Fox gbé eré Astros kan, èmi àti ọmọ náà sì wò ó dé ìpele keje nínú mẹ́sàn-án kó tó sùn lọ. Ó bi mí pé, “Bàbá àgbà, ta ni kúkúrú tó ń gbá a dáadáa yẹn?” Mo ní Jose Altuve ni. Ó ní ìgbà wo ni wọ́n tún máa gbá a. Mo ní lọ́la. Èyí tọ̀la kò sí lórí èríà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Houston, Texas