Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Fíìmù tí a ń wò nínú ilé wa

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, mo kí yín kú ọ̀sẹ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ fíìmù àgbéléwò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé bí iná bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́ ní Ọ̀mù-Àrán wa yìí, agbára káká ni mo fi ń wọ ilé kan tí wọn kò ní ròyìn èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán fún mi. Èmi àti ìyàwó mi náà ń wò ó, a sì máa ń sọ èrò wa lé e lórí títí oorun yóò fi kùn wá. Nítorí náà, n kò wá bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ wa lórí fíìmù kọjá “ó dùn” tàbí “kò dùn”, nítorí ohun gbogbo ni Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ará Tẹsalóníkà máa wádìí dájú, kí wọ́n sì di èyí tí ó dára mú ṣinṣin.

Ẹ jẹ́ kí a mú Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní 2022. Ọmọ ilé wa ni, nítorí Àgbàmú ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níhìn-ín ni baba rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ti wá, ìyẹn ẹni tó ṣeré nínú Àjàní Ògún ní 1976 nígbà tí fíìmù Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí. Gbogbo ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ Aníkúlápó ló ń sọ pé ojúkòkòrò ló ba ti Sàró jẹ́, ahunṣọ tó wọ Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ òfo, tó wá di ẹni tí ń jí òkú dìde, tó sì ní kí ọba ìlú mìíràn fi ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe owó iṣẹ́ kí òun tó jí ọmọ ọba. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ti Arọ́láké, olorì ọba Ọ̀yọ́ tó bá Sàró sá lọ, ló dùn mí jù. Òun ló gba àdó tí Sàró fi ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà, òun ló bá Sàró jìyà, ṣùgbọ́n nígbà tí òkìkí kàn, Sàró nìkan ni wọ́n ń yìn, kò sì ka obìnrin náà sí mọ́. Mo mọ àwọn ọkùnrin nínú ìjọ Ọlọ́run tí àdúrà àti òwò ìyàwó wọn ló gbé wọn dúró, tí wọn kò sì tíì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ lójú agbo rí.

Fíìmù kan náà ló rán mi létí Géhásì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí karùn-ún. Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ rẹ̀ sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọkùnrin náà, ó bèèrè tálẹ́ńtì fàdákà kan àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì, wọ́n fún un ní tálẹ́ńtì méjì, ẹ̀tẹ̀ sì bá a dé ilé. Bí ẹnikẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run bá dá iye owó lé àdúrà fún yín, ìbáà ṣe èmi, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ ti Túndé Kèlání, tó jáde ní 1993, ni ìyàwó mi fẹ́ràn jù. Nínú Sáàmù Kẹrìnlélógún ni gbólóhùn orúkọ rẹ̀ wà. Ìjòyè kan àti àwọn méjì mìíràn ló gbìmọ̀ pọ̀ ta ilẹ̀ ọ̀wọ̀ fún oníṣòwò epo kí ó fi kọ́ ilé epo. Èmi ìbá fẹ́ kí gbogbo olórí ẹbí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní agbègbè wa jókòó wò ó kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ní ti fíìmù àwa onígbàgbọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ Mike Bamiloye àti ẹgbẹ́ Mount Zion tó dá sílẹ̀ ní 1985. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó wo fíìmù wọn, Agbára Ńlá, ní kékeré, orúkọ Ayamatanga, oníṣẹ́ òkùnkùn inú rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ eré fún ìjọ ronú sí i.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, bí ọmọkùnrin kò bá rí iṣẹ́, bí ìyàwó kò bá rí ọmọ bí, ìyá àgbà ilé ni àjẹ́, pásítọ̀ á wá dé nígbà tí fíìmù bá fẹ́ parí, á pariwo, ìyá á sì jẹ́wọ́. Mo wà nínú ilé kan láìpẹ́ yìí tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ jókòó nítòsí ìlẹ̀kùn, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ. Bí obìnrin inú fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́, ọmọ kékeré tó jókòó lórí ẹní yíjú wo ìyá àgbà rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ìyá náà sì rí i. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó sọ ohunkóhun. Ẹ̀yin ará, òfin Ọlọ́run ní a kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì wa, a sì ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ẹ sí àwọn tó pọ̀n wá dàgbà. Ẹ pa ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sọ fún ọmọ pé irọ́ ni èyí, kí ìyá náà gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Ẹ máa wo nọ́ńbà ọjọ́ orí tó wà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù pẹ̀lú, nítorí a kò ṣe èyí tí wọ́n kọ 18 sí fún ọmọ, kódà bí ó bá jẹ́ inú fóònù ni ó ti ń wò ó.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ó wo Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, a ó sì jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ pe àwọn aládùúgbò yín tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ sì mú àwọn ìyá yín dání. Àwọn ìyá ni n ó kọ́kọ́ fún láyè láti sọ̀rọ̀.