Bùkọ́lá, oko wáìnì mẹ́ta ti tó fún ọjọ́ kan

Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ilé? Mo gbọ́ pé inú oṣù Èrèlé lẹ̀yin méjèèjì máa wọ Cape Town, tí ẹ sì fẹ́ fi ọjọ́ kan yí oko wáìnì Stellenbosch po. Àsìkò yẹn dáa gan-an. Láti ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí wọ Ẹrẹ́nà ni wọ́n ń kórè èso àjàrà níbẹ̀, ẹ máa bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ìwé tí ọkọ rẹ kọ orúkọ oko mẹ́jọ sí yẹn, ẹ fà á ya.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń bù fún àlejò láti tọ́ wò kéré lójú, kò ju mílílítà 25 sí 30 lọ, ṣùgbọ́n oríṣi márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ẹni. Mílílítà 150 nìyẹn, odindi ife kan, wáìnì ibẹ̀ sì sábà máa ń le tó ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì ní oko mẹ́ta péré ti mu ju ààbọ̀ ìgò lọ. Òfin ilẹ̀ náà kò sì fẹ́ kí ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó gíráàmù 0.05 nínú mílílítà 100. Nítorí náà, ẹ háyà ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀, kí ẹ sì lo abọ́ ìtutọ́ tó wà lórí tábìlì. Mo mọ̀ pé wàá sọ pé ìwà ọ̀bùn ni. Níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́ wò ló ń tu ú dànù.

Ẹ̀gbẹ́ òkè Simonsberg ni kí ẹ gbájú mọ́, torí pé oko mẹ́ta tí mo fẹ́ dárúkọ yìí sún mọ́ra, títì R44 ló lọ sí gbogbo wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Simonsig láàárọ̀, kí ẹ jẹun ọ̀sán ní Delheim, kí ẹ wá parí rẹ̀ sí Kanonkop. Ẹ má ṣe yí i padà o. Èyí tó ń hó ló ń ṣáájú, funfun á tẹ̀ lé e, pupa ló ń gbẹ̀yìn. Èròjà kan wà lára èèpo àjàrà pupa tó máa ń fún ẹnu pọ̀ bíi kaṣú tí kò tíì pọ́n. Bó bá ti kan ahọ́n, ẹ ò ní mọ adùn wáìnì funfun mọ́.

Simonsig ni Frans Malan, olóko náà, ti ṣe wáìnì híhó àkọ́kọ́ ní Gúúsù Áfíríkà lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Cap Classique, lọ́dún 1971. Ọdún yẹn náà ni òun, Neil Joubert ti Spier àti Spatz Sperling ti Delheim dá ọ̀nà wáìnì Stellenbosch sílẹ̀, ìyẹn ètò tó ń mú àlejò lọ láti oko kan sí òmíràn. Ọ̀nà yẹn sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹ ní kí wọ́n mú yín wọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìgò sí. Wáìnì tó ti jinná ni wọ́n ń rọ sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà bíi gíráàmù 24 sí lítà kan pẹ̀lú ìwúkàrà, wọ́n á dé e pa. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà, afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde kò ní ríbi gbà, á há sínú wáìnì. Ìdí tí ìgò rẹ̀ fi nípọn nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ lo oṣù 12, ó kéré tán, lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa yí ìgò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa dorí rẹ̀ kodò títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi kóra jọ sí ọrùn. Wọ́n á mú kí ọrùn náà di yìnyín, wọ́n á ṣí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì yìnbọn ìdọ̀tí náà jáde.

Ní Delheim, kí o wo àwòrán ara ìgò Spatzendreck. Ẹyẹ kan ló ń yàgbẹ́ sínú àgbá. Wáìnì dídùn ni, kò sí ohun mìíràn láti sọ.

Pinotage, wáìnì tí wọ́n ń fi irú àjàrà pupa kan ṣe, ni ẹ ń bá lọ sí Kanonkop. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Perold ló mú àjàrà Pinot Noir àti Cinsaut bára wọn ní Stellenbosch lọ́dún 1925, kóró mẹ́rin péré ló rí gbìn. Nígbà tí oje àjàrà náà bá ń hó di wáìnì, èèpo á léfòó. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi igi tì í wọlẹ̀ léraléra, torí pé bí èèpo bá gbẹ sókè, yóò kan. Bí ooru bá sì pọ̀ jù lásìkò yẹn, Pinotage á máa rùn bí oje ìnu-ọ̀dà-èékánná. Ibi tí oko tí kò gbọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá ń tọ́ ọ wò, ẹ tẹ ife sí ẹ̀gbẹ́ lórí bébà funfun kí ẹ wo àwọ̀ etí rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó yí ife, ẹ tún gbóòórùn lẹ́yìn tí ẹ bá yí i. Bó bá ń rùn bíi páálí tó rin, kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ìgò ló ba wáìnì jẹ́. Ẹ sọ fún wọn, ìgò mìíràn ni wọ́n máa ṣí.

Tí ẹ bá rà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Bí wọ́n bá kọ W.O. Stellenbosch (Wine of Origin, ìyẹn ibi tí wáìnì ti wá), ibẹ̀ ni gbogbo àjàrà inú rẹ̀ ti wá. Ẹ má fi sínú bùùtù ọkọ̀ tó wà lóòrùn, ooru máa ń ti kọ́ọ̀kì sókè. Bí ọjà yín bá ju ráńdì 250 lọ, ẹ lè gba owó orí ọjà tí ẹ san padà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ìgò àti rìsíìtì tó fi owó orí hàn han àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú kí ẹ tó fi báàgì sílẹ̀. Aṣọ ni kí ẹ fi wé ìgò kọ̀ọ̀kan láàárín báàgì ńlá, kò lè bá yín jókòó nínú bàálù.

Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ fẹ́ kí èèyàn gba àyè sílẹ̀, wọ́n sì ń tilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Tètè fi ọjọ́ tí ẹ yàn ránṣẹ́ sí mi, kí n lè bá yín gba tábìlì Delheim.

Tìrẹ nítòótọ́,
Fọlákẹ́