Kì í ṣe ìbọn nìkan la kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ológun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ó ń dùn mí bí àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe ń wo àwa ajagunfẹ̀yìntì bí ẹni pé ìbọn yíyìn nìkan la mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ológun títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi náà ni mo sì ń bójú tó yàrá tí a ń kó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sí.

Mo ti rí ẹ̀rọ dísù ńlá tí wọ́n fi ń tan gílóòbù díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Epo tí kò jóná tán á di ọ̀rá dúdú, á máa kán lẹ́nu páìpù èéfín. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Kò kú rárá, iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún un ló kéré jù! Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tó tó o fún wákàtí mélòó kan, ẹ ó rí i tí èéfín rẹ̀ á mọ́.

Ti ìpèsè ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ńkọ́? Fílítà kan ṣoṣo tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń lò lè fi odindi ilé ìwòsàn sínú òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka nọ́ńbà sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí ìwé.

Nígbà tí mo wáṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kò bi mí ní nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ọdẹ ẹnu géètì ló fi lọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ síwájú wa ná.

Èmi ni tiyín,
Ajagunfẹ̀yìntì kan