Lẹ́tà sí Àlàó: Má Bá Wọn Purọ́ fún Àwọn Tó Rán Yín Níṣẹ́

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.

Àlàó ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ o. Ara mi le, ara bàbá rẹ náà sì ti ń yá; ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀ láti ìgbà tó ti ń lo oògùn tí o rà ránṣẹ́. Ohun tí o sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bí mo ṣe dá ọ lẹ́kun ọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ gbọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ kí ó fi lé ọ lọ́wọ́.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí: ohun ìjà tí ẹ ń ṣe ní láàbù yín kò ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe rò. Ẹ dán an wò, kò jẹ́. Ẹ tún un dán wò, ó jó ọmọ iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ọ̀gá yín wá ní kí ìwọ tí o mọ ìwé kọ jù kọ ìròyìn fún ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ láti Àbújá, kí o yọ àwọn èyí tí kò jẹ́ kúrò níbẹ̀, kí o má mẹ́nu ba ọwọ́ tó jóná. Ó ní bí Àbújá bá gbọ́, wọ́n á dá owó dúró, gbogbo yín á sì padà sílé. Ó ní nítorí orílẹ̀-èdè ni. O wá bi mí pé, "Màámi, kí ni kí n ṣe?"

Má kọ ọ́. Ìdáhùn mi nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ báyìí, nítorí mi ò tọ́ ọ dàgbà láti máa ṣe nǹkan kìkì nítorí pé èmi ni mo ní kí o ṣe é.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mo ti ń ka ìtàn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣe ohun ìjà. Bàbá rẹ máa ń bi mí pé kí ni mo ń wá nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni mo mọ ohun tí mo ń wá.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Edward Teller. Budapest ni wọ́n ti bí i ní 1908, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1935. Òun ni wọ́n ń pè ní bàbá bọ́ǹbù háídírójìn. Ọpọlọ rẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá. Ní 1952, ó wà lára àwọn tó dá láàbù Livermore sílẹ̀ ní California, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun ìjà kan tí wọ́n ń pè ní X-ray laser. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ni yóò bú gbàmù lókè òfurufú, agbára rẹ̀ ni yóò sì di ìtànṣán tí yóò fọ́ mísáìlì àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì, ìyẹn Rọ́ṣíà ìgbà náà, kó tó dé Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1983, Ààrẹ Reagan bá àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí àwọn onímọ̀ wá ohun tí yóò sọ ohun ìjà átọ́míìkì di òfo. Ilẹ̀kùn owó bá ṣí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Teller kọ lẹ́tà sí George Keyworth, ẹni tó ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn lórí sáyẹ́ǹsì, pé iṣẹ́ náà ti dé ibi tí àwọn ẹnjiníà ti lè máa kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Roy Woodruff ni olórí àwọn tó ń ṣe ohun ìjà ní Livermore nígbà náà. Abẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà, ó sì mọ̀ pé ìwádìí ni wọ́n ṣì ń ṣe. Woodruff kọ lẹ́tà tirẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọ̀gá àgbà láàbù, Roger Batzel, kò jẹ́ kí ó fi ránṣẹ́. Nígbà tó di ìparí 1984, Teller tún kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ní Washington pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú ohun ìjà yìí, tí kò ju tábìlì ọ́fíìsì lọ, lè pa gbogbo mísáìlì tí àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì kó sórí ilẹ̀ run. Ní 1985, Woodruff fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi tí kò ti láṣẹ mọ́, owó rẹ̀ sì dín kù. Ohun ìjà náà ńkọ́? Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ti pa á tì. Kò fọ́ mísáìlì kan ṣoṣo rí.

Mi ò rí inú Teller, mi ò sì ní sọ pé mo rí i. Ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì tó ti wà lára rẹ̀ láti kékeré ló sọ ìrètí rẹ̀ di ìdánilójú. Ọ̀gá yín náà lè máa rò lóòótọ́ pé bí ẹ bá lè rí owó ọdún kan sí i, nǹkan náà á jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí Teller ń kọ̀wé sí kò lè wọ inú láàbù lọ ka òṣùwọ̀n fúnra wọn. Ohun tí onímọ̀ bá sọ fún wọn ni wọ́n fi ń dá àṣẹ, òun ni wọ́n fi ń ná owó, òun náà ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba orílẹ̀-èdè mìíràn. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ láti Àbújá, mélòó ló lè wo àwọn nọ́ńbà tí o kọ kó mọ èyí tí o yọ kúrò? Kò sí. Ìwọ ni ojú wọn. Nítorí èyí ni irọ́ onímọ̀ fi burú ju irọ́ ọjà lọ. Ẹni tí o ta iṣu fún lè tẹ iṣu náà wò.

Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà wa. Ní 1981, nígbà tí ìjọba aláwọ̀ funfun ń fojú adúláwọ̀ gbolẹ̀ ní South Africa, àwọn ológun wọn dá iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Project Coast. Wouter Basson, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọkàn, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó dà bí ti aládàáni. Ọ̀kan nínú wọn ni Roodeplaat Research Laboratories, lápá àríwá Pretoria. Ní 1998, níwájú Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu jẹ́ alága rẹ̀, àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn fi anthrax, kòkòrò àrùn tó ń pani, sínú ṣokoléètì àti sìgá, pé wọ́n fi kòkòrò àrùn mìíràn sínú ṣúgà, wọ́n fi májèlé sínú bíà, pé wọ́n sì ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí àwọn adúláwọ̀ bímọ mọ́. Àlàó, àwọn tó kàwé láti wo ènìyàn àti ẹranko sàn ni mò ń sọ yìí. Nígbà tí mo kà á, mo pa ìwé náà dé, mo jáde lọ jókòó sí ìta.

Wò ó bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ ju apá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gágun Niel Knobel, tó yẹ kó máa bójú tó wọn, gbà lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun kò lóye sáyẹ́ǹsì ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n mú Basson ní 1997, wọ́n rí àpótí ìwé iṣẹ́ náà, ìwé tí ìjọba rò pé wọ́n ti run. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní 2002, mi ò sì ní fi ohun tí adájọ́ kò sọ kọ́ ọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní 2013, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà àwọn oníṣègùn níbẹ̀ sọ pé ó jẹ̀bi ìwà tí kò yẹ dókítà. Bí ọ̀gá yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín pé, "Ẹ má béèrè, ẹ ṣáà ṣe tiyín," rántí Roodeplaat.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ́. Kí o tó mọ físíìsì lo ti mọ ìtàn Ṣàngó. Bí àwọn àgbà ilé wa ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Àwọn Oníṣàngó ní bí tiwọn ṣe rí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní Aláàfin Ṣàngó ní oògùn tó fi ń pe àrá. Ó gun òkè lọ dán an wò, kí ó mọ̀ bóyá ó ṣì ń jẹ́. Àrá sán, ààfin tirẹ̀ ló sì bọ́ sí. Ó pa ayaba, ó pa ọmọ. Láti ọjọ́ tí o ti pè mí ni mo ti ń ro àwọn tó bá a gun òkè. Bí ẹnì kan bá wà nínú wọn tó mọ̀ pé oògùn náà ti kọjá agbára ẹni tó ni ín, tó wá pa ẹnu mọ́ nítorí pé ọba ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yẹn kò sí lọ́rùn òun náà?

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó jóná kò sì kéré. Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1972 pé àwọn kò ní fi kòkòrò àrùn ṣe ohun ìjà, wọ́n sì ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1979, anthrax jò jáde nílé iṣẹ́ ológun kan ní Sverdlovsk, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ sí apá gúúsù ìlú náà. Ó kéré tán, ènìyàn 66 kú. Ìjọba ní ẹran tó ní àrùn ni wọ́n jẹ. Ó di 1992 kí Ààrẹ Yeltsin tó gbà pé ọwọ́ àwọn ológun ló ti wá. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn opó fi ń gbọ́ pé ẹran ni. Ọmọ iṣẹ́ yín yẹn ní ìyá. Lọ kí i. Rí i dájú pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, kí o sì kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó jóná àti ohun tó jó o sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí wàá sọ: pé ààbò kò sí, pé ilẹ̀ wa nílò ohun ìjà. Mo gbà. Ìbẹ̀rù ajínigbé kò jẹ́ kí a lè rin ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ mọ́, èmi náà sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun wa ní ohun tí wọn yóò fi dojú kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá gba ìròyìn tí ọ̀gá yín fẹ́ yẹn, ọmọ ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé nǹkan náà lé lọ́wọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò bú gbàmù sí. Ẹni tó bá fẹ́ràn orílẹ̀-èdè yìí kì í fi ohun tí kò jẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ sójú ogun.

Kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá yín. Dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe yẹ, ó jù ọ́ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Sọ fún un pé wàá kọ ìròyìn náà, àmọ́ gbogbo ìdánwò ni wàá kọ síbẹ̀, àti èyí tó jẹ́ àti èyí tí kò jẹ́, pé wàá tún kọ ohun tí ẹ lè ṣe láti tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn gan-an mú kí ìgbìmọ̀ fi owó kún un. Bó bá kọ̀, fi ọwọ́ sí ìwé pé o kò bá wọn kọ èyí tó fẹ́, fún ẹni tó wà lókè rẹ̀, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Má gbé e lọ bá oníròyìn, má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun ìjà ni. Ẹni tí kò yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lè kà á. Bó bá halẹ̀ mọ́ ọ, má bá a jà. Àwọn baba wa ní, "Bí o bá láyà, kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òtítọ́." Baṣọ̀run Gáà lágbára ju ọ̀gá yín lọ.

Bó bá wá di pé kí o kúrò, kúrò. Joseph Rotblat wà lára àwọn tó ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Los Alamos. Ìbẹ̀rù pé Hitler á ṣáájú wọn ló gbé e débẹ̀. Nígbà tó hàn ní ìparí 1944 pé Jámánì kò ní tirẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ó ya ìyókù ayé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àlàáfíà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1995. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀bùn ni mo ṣe ń sọ fún ọ. Woodruff kò gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, òun ló sì wù mí jù nínú gbogbo wọn.

Mo mọ ohun tí yóò máa dá ọ dúró: owó ilé-ìwé àbúrò rẹ, àti òrùlé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Èmi àti bàbá rẹ ti jókòó sọ ọ́. Owó ìfẹ̀yìntì wa yóò gbé ọdún yìí já, bó bá tiẹ̀ di pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn ní ìrọ̀lẹ́. Yàrá rẹ ṣì wà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wá dẹ́rù bà ọ́.

Bàbá rẹ ní òun á tẹ̀ lé ọ lọ bá ọ̀gá yín. Mo ní kó jókòó, nítorí ọkùnrin ni ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń padà. Fi ẹ̀dà ìwé tí o bá kọ rán an sí mi kí o tó fi lé wọn lọ́wọ́, kí n kà á, nítorí mo mọ bí o ṣe máa ń kánjú bí inú bá ń bí ọ. Kọ ọjọ́ àti orúkọ sí gbogbo ojú ewé.

Olúwa á wà pẹ̀lú rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.