Kí ló ń mú wọn dáwó fún eré ìdárayá yunifásítì l'Amẹ́ríkà?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn wa nílé máa ń bi àwa tó wà lókè òkun ni mo fẹ́ dáhùn: kí ló dé tí àgbàlagbà tó ti jáde ní yunifásítì láti ogún ọdún, tàbí tí kò tilẹ̀ kàwé níbẹ̀ rí, á máa fi owó ńlá ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí ẹ̀ka eré ìdárayá ibẹ̀? Àwọn kan ní owó ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn ní ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń pa wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ìjókòó ni ọ̀pọ̀ nínú owó náà ń rà, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ olùdáwó sí ni kì í sì í jẹ́ kó dáwọ́ dúró.

Ẹ wo Yunifásítì Clemson ní South Carolina. Ní 1934, nígbà tí ọ̀dá owó mú gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn alátìlẹ́yìn ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní IPTAY. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "mò ń san mẹ́wàá lọ́dún", ìyẹn dọ́là mẹ́wàá péré. Àgbẹ̀ tí kò rówó gbé wàrà, ọ̀dùnkún tàbí ewébẹ̀ wá, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí di òní. Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìkówójọ ní ìlú wa, tí akọ̀wé ń ka orúkọ àti iye tí kálukú dá sókè, ti mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀: kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n kàwé débi orúkọ òun kí wọ́n má bá a.

Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyí. Futubọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé sáyà sáré, ló ń mówó wọlé jù. Wọ́n á pín ìjókòó pápá sí ìpele-ìpele. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì odindi sáà kan fún ìjókòó tó dára láàárín pápá jẹ́ 500 dọ́là. Wọn ò ní tà á fún èèyàn àfi tó bá kọ́kọ́ dá 1,000 dọ́là sí àpò ẹgbẹ́. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, á tún dá òmíràn. Owó yẹn á wá di póìntì: póìntì wà fún iye tó dá, ó wà fún iye ọdún tó ti ń dá a láì fo ọ̀kan, ó sì lè wà fún jíjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ibẹ̀. Póìntì ló ń pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ yan ìjókòó, ẹni tó máa gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, àti ẹni tó máa rí tíkẹ́ẹ̀tì bí ẹgbẹ́ bá dé ìdíje ìparí sáà. Ẹni tó ti wà nínú ìwé láti ọdún 15 mọ̀ pé bí òun bá fo ọdún kan, ìjókòó tí àwọn ọmọ òun ti ń jókòó sí láti kékeré lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí ló ń dì í mú, kódà lọ́dún tí ẹgbẹ́ náà bá ń fìdí rẹmi.

Àwọn kan máa ń ní torí owó orí ni wọ́n ṣe ń dá a. Ó wà nínú rẹ̀ nígbà kan. Láti 1988, òfin gbà kí olùdáwó yọ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjókòó kúrò nínú èyí tí wọ́n máa bu owó orí lé. Ẹni tó dá 1,000 dọ́là, tó wà ní ìpele owó orí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ń tipa bẹ́ẹ̀ jèrè 200. Òfin owó orí tí wọ́n ṣe ní Oṣù Kejìlá 2017 fòpin sí i. Kí ọdún yẹn tó parí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń rọ àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n san ti ọdún iwájú sílẹ̀. Láti 2018, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú owó ìjókòó tó ń dín owó orí kù, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń san án.

Ìfẹ́ náà wà níbẹ̀ o. Phil Knight, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Nike sílẹ̀, sáré fún Yunifásítì Oregon nígbà èwe rẹ̀. Òun àti Penny ìyàwó rẹ̀ ló ṣíwájú nínú ìdáwó tí wọ́n fi tún pápá Hayward Field kọ́ ní Eugene. Pápá yẹn gan-an ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa, ti fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé ní Oṣù Keje 2022, tó sá 100 mítà onídènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Amusan fúnra rẹ̀ ti jáwé olúborí nínú eré yìí láàárín àwọn yunifásítì ní 2017, nígbà tó wà ní UTEP, yunifásítì kan ní El Paso. Ṣáájú rẹ̀, Yunifásítì Houston ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sí NBA ní 1984.

Tí ẹ bá bi mí, àpò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àwọn eléré ló yẹ kí owó ọmọ Yorùbá lọ. Ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé. Bí àwọn kan bá pawọ́ pọ̀ fi 500,000 dọ́là lélẹ̀, tí wọ́n sì ń ná bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ́dún, 20,000 á máa jáde láì fọwọ́ kan olú owó. Láti Oṣù Keje 2021 ni eléré ti lágbára láti fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó, àwọn alátìlẹ́yìn sì dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní collective sílẹ̀ láti fún wọn. Ní Oṣù Kẹfà 2025, Adájọ́ Claudia Wilken tún fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí yunifásítì máa san owó fún eléré tààrà, kó má ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́, ìyẹn sì ti mú kí wọ́n túbọ̀ máa tọrọ lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti Nàìjíríà lọ máa ń wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, tí kò gba iṣẹ́ ṣíṣe bó ṣe wu èèyàn. Owó tó ń dé ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè má dé ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ń dé ibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ki owó bọ ọmọ lápò ní kọ̀rọ̀ torí pé ọmọ ilé ni. Irú owó bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ àwọn alátìlẹ́yìn ló jẹ́ kí wọ́n gbégi dínà futubọ́ọ̀lù SMU, yunifásítì kan ní Dallas, fún odindi sáà 1987. Lónìí, àdéhùn orúkọ àti àwòrán tó bá ti tó 600 dọ́là láti ọwọ́ ará ìta, eléré gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ti ń jó olùdáwó kò pọ̀, àmọ́ ó ń dunni. Ọkọ á san owó lórúkọ ilé-iṣẹ́, ìyàwó á san lórúkọ ara rẹ̀, póìntì á sì pín sí méjì. Orúkọ kan ni kí ẹ lò. Ẹlòmíràn á jẹ́ kí gbèdéke kọjá lọ́jọ́ kan, ìjókòó á lọ. Owó tó wà nínú àpò ìtọrẹ tí èèyàn ti gba ìdínkù owó orí lé lórí, ìyẹn donor-advised fund, kò ṣeé fi gba ìjókòó. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ tó san owó ọdún àkọ́kọ́, bóyá ọmọ lè jogún àkáǹtì náà, torí níbi púpọ̀, ọkọ tàbí aya nìkan ni wọ́n ń gbé e fún. Bí owó náà bá sì ju 75 dọ́là lọ, tí ẹ rí nǹkan gbà padà, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n kọ iye tí nǹkan náà tó sí, torí òfin ló ní kí wọ́n fún yín.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Houston, Texas