Ẹ̀sùn lórí tíì Longjing tí ẹ tà fún mi

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ tíì Longjing, green tea ilẹ̀ China, tí mo rà lórí wẹ́bùsáìtì yín ló gbé mi wá, páálí gíráàmù 100 tẹ́ ẹ ya àwòrán adágún omi sí níwájú, tẹ́ ẹ wá kọ ọ́ gàdàgbà pé "Xihu Longjing, àkọ́já ṣáájú Qingming", ìyẹn Longjing agbègbè adágún Xihu tí wọ́n já ṣáájú àjọ̀dún Qingming tí wọ́n ń ṣe ní China. Owó tẹ́ ẹ gbà kì í ṣe kékeré, mi ò sì bá yín ná an rárá torí mo mọ̀ pé ojúlówó ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bá nínú páálí ló ń dùn mí.

Ẹni tó mọ Longjing á ti dá a mọ̀ kí omi tó kàn án. Ewé ẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ ni, á máa dán, á ní yẹ́lò díẹ̀ nínú àwọ̀ ewé ẹ̀, torí látayébáyé, ọwọ́ lásán làwọn tó ń ṣe é nílùú Hangzhou ní China fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada gbígbóná tí wọ́n fi ń yan án. Tẹ́ ẹ bá já ọ̀rá ẹ̀, òórùn bíi ti ẹ̀wà yíyan ló yẹ kó kọ́kọ́ wọmú. Tiyín ti rún wómúwómú, ìyẹ̀fun kún ìsàlẹ̀ ọ̀rá, àwọ̀ ẹ̀ ti ń lọ sí búráùn, mo tún ń ṣa igi líle nínú ẹ̀. Ewé tí wọ́n já ṣáájú Qingming, ìyẹn nǹkan bí April 5, ọ̀mùnú lásán ni, kí ni igi ń wá níbẹ̀?

Ẹ ráyè kọ ìtàn Qianlong ọba China ayé àtijọ́ àti igi tíì 18 tí wọ́n ní ó yà sọ́tọ̀, àmọ́ ọdún tí wọ́n já ewé yìí ò sí níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ni tó ń ra green tea kọ́kọ́ ń wò nìyẹn, torí ooru àti ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ló máa ń pa á. Ọ̀rá yín ò tiẹ̀ lẹ̀ pa dáadáa.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ohun tẹ́ ẹ kọ sẹ́yìn páálí, pé ká da omi tó ń hó kùtùkùtù lé e, ká dé e fún ìṣẹ́jú 10. Háà! Omi tó gbóná tó yẹn, tó sì pẹ́ tó yẹn, gbogbo ohun tó ń korò nínú ewé ló máa fà jáde, adùn ẹ̀ ò ní hàn mọ́. Omi bíi dígírì 80 ló fẹ́, gíráàmù 3 sínú gíláàsì kan, ẹ bu omi díẹ̀ kí ewé kọ́kọ́ rin, ẹ mì í, ẹ gbóòórùn ẹ̀, kẹ́ ẹ tó bu ìyókù sí i, tó bá ti tó ìṣẹ́jú méjì ẹ lè máa mu ún, kó má tán pátá kẹ́ ẹ tó tún bu omi lé e. Bí mo ṣe ṣe tiyín gan-an nìyẹn, omi ẹ̀ dúdú, kò ní òórùn, kò sì sí adùn tó máa ń kù lọ́fun lẹ́yìn téèyàn bá gbé e mì. Ẹni tó ń mu ún fún ìgbà àkọ́kọ́, tó wá tẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ kọ, á ní bí green tea ṣe korò nìyẹn, kò tún ní rà á mọ́ láyé.

Orúkọ Xihu náà, agbègbè adágún yẹn ní Hangzhou nìkan ló ni ín. Longjing tó wá láti ibòmíì ní Zhejiang, ìpínlẹ̀ tí Hangzhou wà, wà, Qiantang tàbí Yuezhou ni wọ́n ń pè é, ó sì lè dùn gan-an, tó bá jẹ́ òun lẹ rà wá, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ sì gba iye tó tọ́ sí i.

Owó mi ni kẹ́ ẹ dá padà, gbogbo ẹ̀, mi ò fẹ́ páálí míì. Kẹ́ ẹ sì yọ ìṣẹ́jú 10 yẹn kúrò lẹ́yìn páálí kí ẹlòmíì tó rà á. Rìsíìtì àti fọ́tò ewé náà wà nínú ímeèlì yìí, mò ń retí èsì yín.

Kọsítọ́mà yín